Ẹ̀rọ Ẹ́síréè: Àwọn Ohun Èlò Rẹ̀ àti Bí a Ti Ń Fọ Fíìmù Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ìjọ ní Ìfọ́n)



Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó kó wa jọ. Ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ wa ti ń dá owó jọ láti ìgbà díẹ̀ wá, wọ́n sì fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ẹ́síréè fún ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà ní àdúgbò wa. Oníṣòwò kan ti fi ẹ̀rọ tí a ti lò ní òkè òkun lọ̀ wọ́n, ó sì ní owó pọ́ọ́kú ni òun yóò gbà. Kí a tó fi ẹnu kò lórí ọ̀ràn náà, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n sọ ohun tí ẹ̀rọ yìí jẹ́ àti bí a ti ń lò ó. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, àlùfáà ni mí. Ṣùgbọ́n mo ti ka ohun tí mo lè kà, mo sì ti jókòó ti àwọn tí ó fi iṣẹ́ náà jẹun. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n dárúkọ àwọn ohun èlò náà fún yín, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnu ẹni tí ń tà á nìkan ni a ó ti gbọ́ nípa wọn.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wilhelm Conrad Röntgen wà nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Würzburg. Ó ń rán iná mànàmáná kọjá nínú ìgò kan tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó ti fi páálí dúdú bo ìgò náà yíká, yàrá sì ṣókùnkùn. Síbẹ̀ ó rí i tí abala páálí kan tí a fi oògùn kùn, tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀ sí ìgò náà, ń tàn yẹ́ríyẹ́rí. Ìmọ́lẹ̀ wo ni ó la páálí dúdú kọjá láìjẹ́ pé ojú rí i? Kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà ó fún un ní orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń fún ohun tí a kò tíì mọ̀, èyí nì ni X. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nínú yàrá náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá, ó ní kí aya rẹ̀, Anna Bertha, gbé ọwọ́ lé orí páálí tí a fi ń ya fọ́tò, ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà là á kọjá. Egungun ìka aya rẹ̀ hàn, òrùka rẹ̀ sì hàn ní ọrùn ìka bí ẹni pé ó fò dúró sí afẹ́fẹ́. Wòlíì Esekíẹ́lì rí egungun gbígbẹ ní àfonífojì. Arábìnrin yìí rí egungun ara rẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1901 a fún Röntgen ní ẹ̀bùn Nobel, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba èyí tí ó jẹ́ ti ìmọ̀ físíìsì. Kò gbà kí a fi àwárí náà ṣe ohun ìní òun nìkan, kí ẹlòmíràn tó lè lò ó kí ó máa san owó fún òun. Mo fẹ́ràn ìwà yìí ju ẹ̀bùn náà lọ. Kí a tún rántí pé ọdún 1895 yìí kan náà ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò ní Abẹ́òkúta.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wọ inú ẹ̀rọ náà lọ. Ohun tí ó jẹ́ ọkàn rẹ̀ ni ìgò ẹ́síréè. Ní ọdún 1913, William Coolidge ní Amẹ́ríkà ṣe irú ìgò tí a ṣì ń tẹ̀lé àpẹẹrẹ rẹ̀ títí di òní. Inú rẹ̀ ṣófo, kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ rárá. Ní apá kan, okùn wáyà tín-ín-rín wà, tí a fi irin líle tí a ń pè ní tungsten ṣe, bí irú èyí tí ó wà nínú gílóòbù àtijọ́. Bí iná bá wọ inú wáyà náà, yóò pọ́n, àwọn horo kékeré tí ojú kò lè rí, tí a ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, yóò sì máa tú jáde lára rẹ̀. Ní apá kejì, abala tungsten mìíràn wà tí ó dojú kọ ọ́. Agbára iná ńlá ni a fi ń fa àwọn horo náà láti apá èkíní lọ sí apá kejì, wọ́n a sì lọ kọlu abala náà pẹ̀lú eré tí ẹnu kò lè sọ. Nínú ìkọlù yìí ni ìmọ́lẹ̀ X ti ń jáde.

Ṣùgbọ́n ìnáwó náà pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Bí a bá pín agbára tí a ná sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún di ooru lásán, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó di ẹ́síréè. Ìdí nìyí tí a fi ń lo tungsten, irin tí kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 3,400 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdí rẹ̀ náà sì nìyí tí abala náà fi ń yí bí òkòtó nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kí ìkọlù má baà máa bọ́ sí ojú kan náà, tí a sì fi ìgò náà sínú òróró kí ooru lè rí ibi gbà jáde. A wá fi òjé bo àpótí rẹ̀ yíká, a sì ṣí fèrèsé kékeré kan sílẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má ṣe gba ibòmíràn jáde bí kò ṣe ibẹ̀.

Lórí tábìlì tí òṣìṣẹ́ náà ń dúró sí, iye mẹ́ta ni ó ń yàn. Èkíní ni kílófólìtì: kílófólìtì kan jẹ́ 1,000 fólìtì. Iye yìí ni ó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ náà yóò ti lágbára tó láti la ara kọjá. Ọwọ́ kò gbà ju nǹkan bí 50 lọ. Ikùn àgbàlagbà lè gbà tó 75 tàbí 80. Èkejì ni mílíámpíà, èyí tí ó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ náà yóò ti pọ̀ tó. Ẹ̀kẹta ni àkókò, tí kì í sábà pé ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo ọmọdé tí ń sọ òkúta lu máńgòrò: ipá apá rẹ̀ ni kílófólìtì, iye òkúta tí ó ń jù ní ìṣẹ́jú kan ni mílíámpíà, bí ó ti pẹ́ tó ní ìdí igi ni àkókò. Bí ipá kò bá tó, kò sí bí òkúta ti lè pọ̀ tó tí yóò dé orí ẹ̀ka.

Àwòrán ẹ́síréè kì í ṣe fọ́tò bí irú èyí tí a ń yà ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Òjìji ni. Ohun márùn-ún ni ojú lè yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀: afẹ́fẹ́, ọ̀rá, ẹran ara pẹ̀lú omi, egungun, àti irin. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá rí ọ̀nà gbà kọjá yóò dúdú lórí fíìmù, ibi tí nǹkan bá ti dá a dúró yóò funfun. Ìfọ́n ni mo ti ń sọ̀rọ̀, ìlú tí ó mọ aṣọ funfun Ọlúfọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ kò ní gbàgbé èyí. Ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ a dúdú. Egungun ìhà a funfun. Bí funfun bá wá hàn ní ibi tí ó yẹ kí dúdú wà, oníṣègùn yóò béèrè ohun tí ó gba ipò afẹ́fẹ́ níbẹ̀: omi ni, tàbí àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, tàbí ohun mìíràn.

Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ṣe òjìji ẹyẹ lára ògiri níwájú àtùpà ní alẹ́ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Bí ọwọ́ bá súnmọ́ ògiri, òjìji a mú ṣánṣán. Bí ó bá súnmọ́ àtùpà, òjìji a tóbi, etí rẹ̀ a sì rú. Nítorí náà ni òṣìṣẹ́ ṣe máa ń sọ fún ẹni tí a fẹ́ ya àyà rẹ̀ pé kí ó fi àyà ti pátákó náà gbọn-in, tí ìgò náà yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Yóò ní, “Fa èémí sínú, má mí.” Kì í ṣe ìkanra ni ó ń ṣe. Bí ara bá mì, àwòrán a bàjẹ́, a ó sì tún un yà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe ń ní kí a bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, owó ẹyọ inú àpò, ìkọ́ aṣọ, àti, kí n má tan yín, tírà oní-irin tí àwọn kan nínú ìjọ rò pé àlùfáà kò mọ̀ pé ó wà ní ìbàdí wọn. Ẹ́síréè a máa fi í hàn.

Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kọlu ara ènìyàn kì í lọ tààrà tán. Òmíràn a fọ́n ká, a sì sọ àwòrán di bàìbàì bí ìkùukùu ọyẹ́. Gustav Bucky ní Jámánì ni ó wá oògùn sí èyí ní ọdún 1913. Ó to àwọn òjé pẹlẹbẹ sí ààrin aláìsàn àti fíìmù bí ọ̀pá ọgbà. Èyí tí ó lọ tààrà a kọjá, èyí tí ó fọ́n a kọlu òjé.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ fíìmù, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tí a fi lọ̀ wá yìí dúró lé. Fíìmù jẹ́ abala ike tí ó mọ́ gaara, tí a fi nǹkan bí ọ̀dà kùn ní iwájú àti ẹ̀yìn. Inú ọ̀dà yìí ni horo fàdákà kéékèèké wà, tí a pò mọ́ èròjà tí a ń pè ní bromine. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń yí ìṣe wọn padà. Nígbà àtijọ́ irú ike tí a ń lò máa ń tètè gbiná. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 1929, irú fíìmù bẹ́ẹ̀ gbiná ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà. 123 ènìyàn ni ó kú, èéfín olóró ni ó sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti túbọ̀ yára kọ irú ike bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

A kì í gbé fíìmù lásán síta. Inú àpótí pẹlẹbẹ tí a ń pè ní kásẹ́ẹ̀tì ni ó ń wà, tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kò lè wọ̀. Àwọn abala páálí méjì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan níwájú fíìmù, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ẹ́síréè bá kàn wọ́n, wọ́n a tàn, bí páálí Röntgen ti tàn, ìmọ́lẹ̀ wọn ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ lára fíìmù. Nítorí wọn ni a fi lè lo ẹ́síréè díẹ̀ fún aláìsàn. Ẹyọ erùpẹ̀ kan tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò máa hàn lórí àwòrán gbogbo aláìsàn bí àmì funfun, bí a kò bá ṣọ́ra a ó máa wo erùpẹ̀ sàn.

Lẹ́yìn tí a bá ti ya àwòrán tán, fíìmù náà kò tíì fi ohunkóhun hàn. A ó gbé e lọ sí yàrá òkùnkùn. Fìtílà pupa tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀, ọ̀nà wíwọlé rẹ̀ sì gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàdédé tì ṣí. A ó fi fíìmù há férémù irin, a ó sì rì í sínú ọpọ́n kìíní, omi tí ń mú àwòrán hàn. Omi yìí a máa wá àwọn horo fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ ti kàn, a sì sọ wọ́n di fàdákà dúdú. Bí omi náà bá wà ní ìwọ̀n ooru 20, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò lò. Ẹ ṣàkíyèsí iye náà dáradára, ẹ̀yin ará. Ogún! Ní oṣù ẹrẹ́nà ní Ìfọ́n, omi inú kànga pàápàá kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Bí omi bá gbóná jù, àwòrán a dúdú ju bí ó ti yẹ lọ, ọ̀dà ara fíìmù a sì lè rọ̀ kí ó máa ṣí. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ amómitutù yóò máa ra omi dídì lójoojúmọ́ láti fi yí ọpọ́n náà ká.

Láti ibẹ̀ a ó ṣan án nínú omi lásán, a ó sì rì í sínú ọpọ́n mìíràn, omi tí ń mú àwòrán dúró. Iṣẹ́ èyí ni láti wẹ gbogbo fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn kúrò, kí ibẹ̀ lè mọ́ gaara. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún un. Bí a kò bá ṣe é, fíìmù yóò máa dúdú lọ tí a bá gbé e bọ́ sí ìta, gbogbo làálàá a sì di asán. Lẹ́yìn náà ni a ó fi omi tí ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí a tó sá a sí ibi tí eruku kò sí. Omi tí ń ṣàn ni mo wí, tí ó sì mọ́. Ẹni tí kò bá fọ̀ ọ́ dáradára, àwòrán náà yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kí ọdún díẹ̀ tó yí. Omi ọpọ́n kejì yìí, nígbà tí ó bá gbó, fàdákà wà nínú rẹ̀, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ a máa yọ ọ́ tà. Ẹni tí yóò bá dà á sí gọ́tà kí ó ṣàn lọ sínú odò Erinlẹ̀, kí ó rántí pé àwọn kan ń pọn omi ní ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ewu wá kù. Thomas Edison, ẹni tí ẹ mọ̀ nípa iná gílóòbù, fi ẹ́síréè ṣe ìdánwò púpọ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ tuntun. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Clarence Dally, ni ó ń gbé ọwọ́ sí ìmọ́lẹ̀ náà lójoojúmọ́. Ọwọ́ náà jó, egbò rẹ̀ di jẹjẹrẹ, a gé e, kò sì ràn án lọ́wọ́. Ó kú ní ọdún 1904, Edison sì pa iṣẹ́ náà tì. Láti inú irú ikú bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́ ohun tí a mọ̀ lónìí: kí òṣìṣẹ́ dúró sí ẹ̀yìn ògiri, kí ó wọ aṣọ òjé bí ó bá di dandan kí ó súnmọ́ ọn, kí ó so báàjì kékeré mọ́ àyà tí ń ka iye tí ó ti kàn án. Bí ènìyàn bá sì jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá mẹ́rin ohun tí ì bá kàn án tẹ́lẹ̀ ni yóò kàn án.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù sọ yín di aláìlọ. Àwòrán àyà kan kò ju ohun tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ń rọ̀ sí ara olúkúlùkù wa ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé oró rẹ̀ a máa kù sínú yàrá. Kì í kù. Bí a bá ti pa iná ẹ̀rọ, ó tán, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ àtùpà kì í ti í kù nílé lẹ́yìn tí a bá fẹ́ ẹ pa. Obìnrin tí ó bá lóyún, tàbí tí ó rò pé òun lóyún, kí ó sọ ọ́ kí ó tó dé orí tábìlì, kí ó má ṣe tìtorí ìtìjú dákẹ́.

Nítorí ewu yìí ni òfin fi wà. Láti ọdún 1987 ni a ti fi òfin dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ́síréè sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 1995 sì dá àjọ tí ń ṣọ́ gbogbo irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001. Ẹnikẹ́ni kò lè kàn gbé ẹ̀rọ yìí ka yàrá kan kí ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ó yẹ ògiri wò, a ó sì béèrè ìwé àṣẹ ẹni tí ń lò ó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn pé àwọn tí ń to egungun nílé wa kò lo ẹ́síréè rí, wọ́n sì ń wo ènìyàn sàn. Òótọ́ ni pé wọ́n ń wo àwọn kan sàn, èmi kò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè mọ gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ ẹran ara. Mo ti bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan wò tí ó ṣubú lórí ọ̀kadà, tí a fi ọ̀pá àti aṣọ dì í lẹ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Egungun tí a rò pé ó yẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì, ìdè náà sì ti le tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dúdú. Kò ní ẹsẹ̀ náà mọ́. Fíìmù kan ì bá ti fi ọ̀nà hàn ní ọjọ́ kìíní. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ atoegungun, ẹ ya àwòrán náà ná, ẹ mú un dání lọ. Ẹ sì tọ́jú rẹ̀: ẹ má fi í sí abẹ́ ẹní kí ó ká, aáyán a máa jẹ ọ̀dà ara rẹ̀.

Ó kù kí n sọ èrò mi lórí ẹ̀rọ tí a fi lọ̀ wá. Ẹ̀rọ tí ń lo fíìmù ni. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti fi yàrá òkùnkùn sílẹ̀. Abala kan tí ń gba àwòrán sára ni wọ́n ń lò dípò fíìmù, kọ̀ǹpútà a sì fi àwòrán náà hàn. Fíìmù àti omi ọpọ́n rẹ̀ ti ń wọ́n ní ọjà, iye àwọn tí ń ṣe é sì ń dín kù. Bí a bá ra ẹ̀rọ yìí, a ó ra jẹnẹrétọ̀, nítorí iná kì í dúró. A ó kọ́ ògiri tí ó nípọn. A ó gbẹ́ kànga. A ó sì máa san owó oṣù fún ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ. Owó pọ́ọ́kú tí oníṣòwò náà dárúkọ kò kan èyíkéyìí nínú wọn. Òṣogbo kò sì jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ìjọba Ọ̀ṣun wà níbẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí a dá owó náà dúró, kí a fi apá kan rẹ̀ ṣe àpò tí a ó fi máa gbé aláìsàn tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ lọ sí Òṣogbo ní ọjọ́ tí ó ṣubú gan-an, kí a sì máa bá a san owó àwòrán. Bí ẹgbẹ́ bá sì kọ èyí, tí wọ́n bá ṣì fẹ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n béèrè iye tí ti kọ̀ǹpútà jẹ́. Alága yóò gba ìbéèrè nísinsìnyí; ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn gbé ohùn sókè kí a lè gbọ́.